Òkè Tútù Nílẹ̀ Oòrùn: Lipton Jókòó, Àwọn Obìnrin Wà Lórí Ìdúró

Bí ìyá oníṣòwò kan bá fún ọmọ lówó láàárọ̀ nínú ọjà pé, "Sáré lọ ra Líptọ̀n àti mílíìkì wá," kò sẹ́ni tó ń dúró bi ara rẹ̀ pé kí ló ń jẹ́ Líptọ̀n. Tíì ni, ó parí! Orúkọ yòówù kó wà lára páálí rẹ̀, Líptọ̀n náà ni wọ́n máa pè é.

Àṣé orúkọ ènìyàn ni. Thomas Lipton ni ọkùnrin náà ń jẹ́. Ọmọ tálákà ni, ìlú Glasgow ní Scotland ni wọ́n bí i sí. Ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ kan ṣoṣo ló fi bẹ̀rẹ̀ òwò ní 1871. Lónìí, ère rẹ̀ wà lórí òkè gíga kan, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, oko tíì sì tẹ́ rẹrẹ níwájú rẹ̀ débi tí ojú lè ríran dé.

Òkè yẹn ò sí ní Scotland o. Kò sí ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Sri Lanka ló wà, erékùṣù kan nísàlẹ̀ Íńdíà tí òkun yí po. Ceylon ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà ní 1972. Ilẹ̀ oòrùn ni, ilẹ̀ àgbọn àti ìrẹsì. Ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ ga sókè bí ìgbà tí wọ́n da orí igbá dé, òtútù ibẹ̀ sì lè mú kí eyín máa gbá ara wọn. Láti gbogbo ayé ni wọ́n ti ń lọ wo àgbègbè òkè yìí. Ẹ jẹ́ kí ìrìn àjò náà bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Ẹ mú aṣọ òtútù dání

Colombo, ìlú etí òkun, ni ọ̀pọ̀ àlejò ti ń wọ rélùwéè. Ibẹ̀ gbóná, òógùn kì í jẹ́ kí ẹ̀wù gbẹ lára. Ẹni tí ò bá mọ̀ á máa fi àwọn tó gbé súẹ́tà dání ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Kí lẹ fẹ́ fi aṣọ òtútù ṣe nínú oòrùn yìí?" Ẹ ní kó fara balẹ̀ ná. Kó tó di alẹ́ ọjọ́ yẹn, òun náà á máa wá ẹni tó máa yá òun laṣọ.

Ohun tó fà á kò ṣòro. Bí ènìyàn bá ṣe ń gòkè ni ooru ń dín kù. Mítà 1,000 kọ̀ọ̀kan téèyàn bá gùn, ooru á fi nǹkan bí ìwọ̀n 6 lọ sílẹ̀. Nuwara Eliya, tó jẹ́ ìlú pàtàkì lórí òkè náà, fi nǹkan bí mítà 1,870 ga ju òkun lọ. Bí Colombo bá wà ní ìwọ̀n 27, Nuwara Eliya á wà ní nǹkan bí 16. Lóru, ó tún ń lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọyẹ́ ló ṣe ń mú, àfi pé ọyẹ́ tibẹ̀ lómi nínú: òjò àti kùrukùru ló ń bá a rìn.

Rélùwéè tó ń gun òkè yìí kì í sáré. Jẹ́jẹ́ ló ń rìn bí aláboyún, á yí síbí, á yí sọ́hùn-ún, á wọ inú ihò abẹ́ òkè, á tún jáde sínú ìmọ́lẹ̀. Àwọn àlejò á dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, wọ́n á máa ya fọ́tò. Àwọn ọmọdé ẹ̀bá ọ̀nà á máa juwọ́ sí wọn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí fọ́tò ni wọ́n ṣe la ojú irin náà. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ló là á, kí wọ́n lè máa fi kó ẹrù oko sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ọkọ̀ ojú omi. Ó dé Kandy ní 1867, ó dé Nanu Oya ní 1885, ó sì dé Badulla tó jẹ́ òpin rẹ̀ ní 1924.

Kandy, ìlú àwọn ọba

Kandy ni ìlú ńlá àkọ́kọ́ téèyàn máa kàn lórí òkè. Àwọn ọba ló ń jẹ níbẹ̀ títí di 1815, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì gba ìjọba mọ́ wọn lọ́wọ́. Lẹ́bàá adágún omi ìlú náà ni ilé ìsìn kan wà tí wọ́n gbé eyín Búdà pa mọ́ sí. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé á kọ́kọ́ bọ́ bàtà, á sì fi aṣọ bo èjìká àti orúnkún. Lọ́dọọdún, ní nǹkan bí oṣù kẹjọ, wọ́n máa ń ṣe ọdún ńlá kan. Ìlù á máa dún, iná á máa jó, àwọn erin tí wọ́n wọ̀ láṣọ á máa tò lọ láàárín ìlú lóru. Ẹni tó bá rí i, ẹnu rẹ̀ ò ní pa dé bọ̀rọ̀.

Ìgbèríko ìlú Kandy náà ni ọ̀rọ̀ tíì ti bẹ̀rẹ̀. Kọfí ni òyìnbó kọ́kọ́ gbìn sórí àwọn òkè náà, owó sì ń wọlé. Ní 1869 ni wọ́n rí àrùn kan lára ewé rẹ̀, ó pọ́n bí irin tó dógùn-ún. Àwọn tó bá mọ ohun tí àrùn ń ṣe fún kòkó á mọ bó ṣe rí. Láàárín ogún ọdún, kọfí ti di ìtàn, ọ̀pọ̀ olóko sì jẹ gbèsè.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin ará Scotland kan, James Taylor, ti gbin tíì sórí éékà 19 ní Loolecondera láti 1867. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ ló ti ń fi ọwọ́ lọ́ ewé. Ní 1873, wọ́n kó pọ́n-ùn 23 nínú tíì rẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Pọ́n-ùn 23 péré, ẹrù tí ọmọdé lè rù! Láti ibẹ̀ ni gbogbo òkè náà ti di oko tíì.

Ta ló wá ro oko náà? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Àwọn ará abúlé Kandy ní ilẹ̀ ìrẹsì tiwọn, wọn ò fẹ́ fi í sílẹ̀ lọ ṣe lébìrà fún òyìnbó tó gba òkè mọ́ wọn lọ́wọ́. Ni òyìnbó bá kọjá sí apá gúúsù Íńdíà, níbi tí ìyàn àti gbèsè ti ń bá àwọn Tamil fínra, wọ́n ń kó wọn wá. Láti àwọn ọdún 1820, nígbà kọfí, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á sọ wọ́n sí èbúté, wọ́n á fẹsẹ̀ rin inú igbó lọ títí dé Matale lẹ́bàá Kandy. Ẹlẹ́gbà-ún wọn ló kú sọ́nà. Ní 2023, tó pé 200 ọdún, àwọn ọmọ-ọmọ wọn tún fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà láti Talaimannar dé Matale, kí ayé má baà gbàgbé.

Òkè kan, ẹ̀sìn mẹ́rin

Bí rélùwéè bá dé Hatton, àwọn tó ń lọ sí òkè Sri Pada á sọ̀ kalẹ̀. Mítà 2,243 ni gíga rẹ̀. Kì í ṣe òun ló ga jù ní erékùṣù náà, nítorí Pidurutalagala tó wà lẹ́bàá Nuwara Eliya jẹ́ mítà 2,524. Ṣùgbọ́n òun ló lókìkí jù.

Lórí ṣóńṣó òkè náà ni ojú ẹsẹ̀ kan wà lára àpáta. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní ẹsẹ̀ Búdà ni. Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ní ti òrìṣà wọn Shiva ni. Àwọn Mùsùlùmí ní Ánábì Ádámọ̀ ló fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ nígbà tó kúrò ní ọgbà àlùjánnà. Ìdí nìyẹn tí òyìnbó fi ń pè é ní Òkè Ádámù. Àwọn Kristẹni kan sì ní Tọ́másì Àpọ́sítélì ni. Ẹ̀sìn mẹ́rin, òkè kan, wọ́n sì jọ ń gùn ún!

Láti oṣù kejìlá títí di oṣù karùn-ún ni àkókò gígùn rẹ̀. Òru ni wọ́n máa ń gùn ún. Ẹni tó bá gba ọ̀nà tó kúrú jù á gun àtẹ̀gùn tó ju 5,000 lọ. Ẹ wo àwọn ìyá àgbà nínú aṣọ funfun, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń fọwọ́ ra irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Bó bá rẹ̀ wọ́n, wọ́n á jókòó sí ìsọ̀ àwọn oní-tíì, wọ́n á mu nǹkan gbígbóná. Agogo kan wà lókè. Iye ìgbà téèyàn bá ti gun òkè náà láyé rẹ̀ ni iye ìgbà tó máa lù ú. Bí oòrùn bá yọ, òjìji òkè náà á tẹ́ sórí ilẹ̀ ní onígun mẹ́ta, bí ẹni fi rúlà fà á.

Nuwara Eliya, ìlú òyìnbó láàárín ọ̀dàn

Nanu Oya ni àwọn tó ń lọ sí Nuwara Eliya ti ń bọ́ sílẹ̀. Ìlú náà ò ju nǹkan bí kìlómítà 8 lọ síbẹ̀.

Ọdẹ kan tó ń jẹ́ Samuel Baker ni ibà ti dá gúnlẹ̀, ló bá lọ sí Nuwara Eliya lọ gbatẹ́gùn, ara rẹ̀ sì yá. Ni ọkùnrin yìí bá padà wá ní 1848 pẹ̀lú ẹbí, òṣìṣẹ́, màlúù àti irúgbìn, ó ní òun máa dá oko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn òyìnbó mìíràn tẹ̀ lé e. Wọ́n kọ́ ilé oníbíríkì tó ní ihò èéfín lórí, wọ́n ṣe pápá gọ́ọ̀fù, wọ́n ṣe pápá eré ẹṣin. Pósọ́fíìsì oníbíríkì pupa tí wọ́n kọ́ ní 1894 ṣì wà níbẹ̀ tí gbogbo àlejò ń ya fọ́tò rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá di lójú gbé débẹ̀ á rò pé ìlú òyìnbó lòún wà.

Gómìnà Gregory ló ní kí wọ́n sé omi adágún ìlú náà ní 1873. Àwọn èèyàn ń wa ọkọ̀ ojú omi lórí rẹ̀, àwọn ọmọ ń gun ẹṣin kéékèèké lẹ́bàá rẹ̀. Lóṣù kẹrin, nígbà ọdún tuntun àwọn Sinhala àti Tamil, ìlú máa ń kún fọ́fọ́: eré ẹṣin lónìí, àfihàn òdòdó lọ́la. Ẹni tí ò bá fẹ́ èrò kó má lọ lóṣù yẹn, owó ilé ìtura máa ń gbówó lórí.

Ohun tó máa dùn mọ́ àwọn alátẹ nínú ni ẹ̀fọ́ ibẹ̀. Kárọ́ọ̀tì, kábéèjì, bíìtì àti ànàmọ́ òyìnbó tò sára òkè bí ẹní tí wọ́n tẹ́. Wọ́n á fọ kárọ́ọ̀tì títí á fi máa dán, wọ́n á dì í sínú àpò, ọkọ̀ ẹrù á sì gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọjà Colombo.

Kò jìnnà síbẹ̀ ni ọgbà Hakgala wà, tó kún fún òdòdó róòsì. Ọdún 1861 ni wọ́n dá a sílẹ̀, kì í ṣe nítorí òdòdó o. Igi tí wọ́n ń fi èèpo rẹ̀ ṣe kuníìnì, oògùn ibà, ni wọ́n fẹ́ fi gbìn. Ẹni tó ti mu kuníìnì rí, tó mọ bó ṣe korò tó, á fẹ́ rí ọgbà náà. Ní Sita Eliya tó wà lójú ọ̀nà ni ilé ìsìn Híńdù kan wà lẹ́bàá odò. Wọ́n ní ibẹ̀ ni ọba Ravana fi Sita, aya Rama, pa mọ́ sí nígbà tó jí i gbé, wọ́n sì ń fi ojú ẹsẹ̀ Hanuman han àlejò lára àpáta.

Ewé méjì àti ẹ̀hù kan

Ní gbogbo ọ̀nà yìí, bójú bá ti wo ọ̀tún, tíì ni; bó bá wo òsì, tíì ni. Igi tíì tí wọ́n bá fi sílẹ̀ á ga ju ilé lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ń gé e kó má baà ju ìbàdí lọ, kí ọwọ́ lè tó o. Ìdí nìyẹn tí òkè fi dà bí ìgbà tí onígbàjámọ̀ gé irun fún un. Ẹwà tí àlejò ń wò, ẹ̀wà ọwọ́ ènìyàn ni.

Ọwọ́ ta ni? Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń já a. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n á so àpò tàbí agbọ̀n mọ́ orí kó lè wà lẹ́yìn wọn, wọ́n á gun òkè tí ẹsẹ̀ ò lè dúró lé dáadáa. Ewé méjì àti ẹ̀hù kan lórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń já. Ewé tó bá gbó, wọn ò fẹ́ ẹ. Ọwọ́ á yá bí ọwọ́ ẹni tó ń di irun, á já, á jù sẹ́yìn, á já, á jù sẹ́yìn. Òjò ń rọ̀, eṣúṣú ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀, wọn ò dúró. Ní ọ̀pọ̀ oko, nǹkan bí kílò 18 ni wọ́n ní kí ẹnì kan já lójúmọ́ kó tó gba owó pípé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ìdí òṣùwọ̀n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́jà, ẹ mọ ohun tí òṣùwọ̀n lè fojú ẹni rí! Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn obìnrin náà ti ń ráhùn pé wọ́n ń yọ kílò nítorí àpò, wọ́n ń yọ kílò nítorí omi tó wà lára ewé.

Àwọn ilé iṣẹ́ tíì kan máa ń gba àlejò láàyè láti wọlé wò. Wọ́n á tẹ́ ewé sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i títí á fi rọ. Wọ́n á gbé e sínú ẹ̀rọ tó máa lọ́ ọ, kí omi ara rẹ̀ lè jáde. Wọ́n á tún tẹ́ ẹ títí àwọ̀ rẹ̀ á fi pọ́n bíi bàbà. Ibí yìí ni òórùn tíì ti ń yọ. Wọ́n á yan án gbẹ, á dúdú, wọ́n á sì jọ̀ ọ́ láti ya ńlá sọ́tọ̀, kékeré sọ́tọ̀. Èyí tó kúnná bí eruku ló pọ̀ nínú àpò kékeré tí wọ́n ń rì bọ omi gbígbóná. Kílò ewé tútù mẹ́rin sí márùn-ún ló ń di kílò tíì kan.

Ibi tí ayé pin sí

Láti Nuwara Eliya, àwọn àlejò máa ń jí ní òru lọ sí Horton Plains. Pápá ni, lókè tó ju mítà 2,100 lọ. Koríko ibẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, igi inú igbó rẹ̀ rá, kùrukùru sì máa ń bò ó. Àgbọ̀nrín ńláńlá ń jẹ kiri níbẹ̀, ẹ̀rù èèyàn kì í bà wọ́n. Ìjọba ti sọ ọ́ di ilẹ̀ tẹ́nikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dáko tàbí dọdẹ níbẹ̀ láti 1988. Lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ẹ̀ṣọ́ máa ń yẹ àpò wò nítorí ọ̀rá, kí àlejò má baà sọ ibẹ̀ di ààtàn.

Ẹni tó bá fẹ́ rìn ín yí ká á rin tó kìlómítà 9. Láàárín ọ̀nà, ilẹ̀ á ṣàdédé tán. Òpin Ayé ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ọ̀gbun náà jìn tó nǹkan bíi mítà 880. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà 200 ò lè ga tó o! Nísàlẹ̀, abúlé àti igbó dà bí ohun tí ọmọdé fi ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pẹ́ kó tó débẹ̀ á bá àṣọ funfun ní títa. Bó bá ti ń lọ sí aago mẹ́wàá, kùrukùru ti sábà máa ń gòkè wá, kò sí nǹkan téèyàn lè rí mọ́.

Ìjókòó Lipton

Rélùwéè tún ń gùn títí dé Pattipola, ibùdókọ̀ tó ga jù lọ ní gbogbo ojú irin náà, kó tó máa sọ̀ lọ sí Haputale. Ibẹ̀ ni òkè Lipton wà.

Ọdún 1890 ni Lipton dé Ceylon. Àwọn olóko kọfí ti wọko gbèsè, ilẹ̀ ò wọ́n. Ló bá ra àwọn oko, Dambatenne wà nínú wọn, ó sì kọ́ ilé iṣẹ́ síbẹ̀. Ọlọ́jà ni, ó mọ òwò. Nígbà yẹn, inú àpótí ńlá ni wọ́n ti ń wọn tíì fún oníbàárà, owó rẹ̀ ò sì ṣeé sún mọ́ fún mẹ̀kúnnù. Lipton yọ àwọn alágbàtà kúrò láàárín, ó di tíì sínú páálí kékeré kékeré tí wọ́n kọ ìwọ̀n sí lára, ó tà á ní owó pọ́ọ́kú. Ìyàwó lébìrà náà wá lè ra tíì. Bí orúkọ rẹ̀ ṣe tàn ká ayé nìyẹn.

Láti ilé iṣẹ́ Dambatenne, ọ̀nà tó tó kìlómítà 7 ló gba àárín oko tíì gòkè lọ síbi tó ti máa ń jókòó wo ohun ìní rẹ̀. Ibẹ̀ ni ère rẹ̀ wà. Ó jókòó, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Nísàlẹ̀ rẹ̀, àwọn obìnrin wà lórí ìdúró, wọ́n ń já ewé.

Kò sí ère tiwọn níbẹ̀. Ìyà tó jẹ wọ́n kò sì mọ lórí iṣẹ́ oko. Nígbà tí Ceylon gba òmìnira ní 1948, òfin tó jáde lọ́dún náà gan-an ló sọ pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn Tamil orí òkè kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ náà. Ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀, tí wọ́n bí bàbá rẹ̀ síbẹ̀! Wọn ò lè dìbò mọ́. Íńdíà náà ò kà wọ́n sí tirẹ̀. Ní 1964, olórí ìjọba méjèèjì jókòó, wọ́n pín wọn bí ẹni pín iṣu: 525,000 kó máa lọ sí Íńdíà, 300,000 kó dúró, 150,000 kó ṣì máa wò ná. Àbúrò lọ, ẹ̀gbọ́n kù. Ọdún 2003 ni òfin kan jáde tó sọ àwọn tó kù di ọmọ onílùú. Ẹ ka ọdún náà: 55!

Wọn ò dákẹ́ ní gbogbo àkókò yìí. Ọdún 1984 ni àwọn obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba iye kan náà pẹ̀lú ọkùnrin lóko tíì, lẹ́yìn tí wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀. Ní 2021, lẹ́yìn ìjà ọdún púpọ̀, ìjọba kéde 1,000 rúpíì fún iṣẹ́ ojúmọ́ kan, ó sì di 1,350 ní 2024. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń gbé nínú àwọn yàrá gbọọrọ tó so mọ́ra, tí òyìnbó kọ́ fún àwọn baba ńlá wọn. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Àáké ọ̀rọ̀ yìí, ọwọ́ obìnrin ni.

Afárá tí ò ní irin

Bí rélùwéè bá ti kọjá Ella, àwọn bíríkìlà á fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Afárá kan wà níbẹ̀ láàárín igbó, ó ní ihò títẹ̀ mẹ́sàn-án, ó ga tó mítà 24, ó sì gùn tó mítà 91. Òkúta, bíríkì àti sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi kọ́ ọ, kò sí irin nínú rẹ̀. Ọdún 1921 ni wọ́n ṣí i. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń sọ pé Ogun Àgbáyé Kìíní ló gba irin lọ, ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ náà bá ní àwọn á kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní 100 ọdún, afárá náà ò mì.

Ní Demodara, tó tẹ̀ lé e, òkè dà gẹ̀ẹ́rẹ́ débi pé ojú irin ò lè sọ̀ tààrà. Wọ́n yí i po bí òṣùká, ó wá kọjá lábẹ́ ara rẹ̀, nísàlẹ̀ ibùdókọ̀ gan-an. Ìtàn ibẹ̀ ni pé ọ̀gá òṣìṣẹ́ kan tó ń wé láwàní ni ẹnjiníà náà ń wò tí ọgbọ́n yẹn fi sọ sí i lọ́kàn. Bóyá òótọ́ ni, bóyá àlọ́ ni, àwọn tó ń sọ ọ́ mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ fi iyì fún.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ

Kẹ́nikẹ́ni tó bá ń gbèrò àtilọ kọ́kọ́ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí. Ní òpin oṣù kọkànlá 2025, ìjì Ditwah kọlu Sri Lanka. Òjò rọ̀, òkè ya lulẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ló kú, àgbègbè òkè yìí ló sì forí fá a jù. Ojú irin bàjẹ́ níbi púpọ̀. Àwọn tó ń gbé níbi tí òkè ti dà gẹ̀ẹ́rẹ́, nínú ilé tí ò lágbára, ni irú rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ bá.

Oṣù kìíní sí oṣù kẹrin ni òjò ń dín lápá Nuwara Eliya. Súẹ́tà, bàtà tó di ẹsẹ̀ mú àti agbòjò ò gbọ́dọ̀ wọ́n nínú ẹrù.

Bí àlejò bá sì dé oko tíì, kó má kàn ya fọ́tò àwọn obìnrin náà bí ẹni ya òdòdó. Kó kọ́kọ́ kí wọn. "Vanakkam" ni wọ́n ń kí ara wọn lédè Tamil. Wọ́n á dá a lóhùn.

Ó lè jẹ́ pé tíì tí ọmọ rà wá láàárọ̀ yìí kò ti Sri Lanka wá. Ó lè jẹ́ ti Kenya, ó lè jẹ́ ti òkè Mambilla ní Nàìjíríà. Ibi yòówù kó ti wá, kí ìyá tó ń rú ṣúgà nínú rẹ̀ rántí pé kí òun tó jókòó mu ún, ẹnì kan ti kọ́kọ́ dúró nínú òtútù.